Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ ère, l'Àgbádárìgì: oníṣẹ́ ọnà ló máa kọ́kọ́ yà á ni, àbí ẹ́ńjíníà?

Ìbéèrè tó dá a sílẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n, Poly Ìbàdàn ni mo wà, iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì ni mò ń kọ́. Wọ́n ní ká ya àwòrán afárá ẹlẹ́sẹ̀ fún ìlú kan tó wà létí òkun, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ afárá lásán o, afárá yẹn fúnra ẹ̀ ni kó jẹ́ ère. Mo bá mú Àgbádárìgì, láti Marina sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun láyé ọjọ́un. Ẹ̀wọ̀n ńlá ló wà lọ́kàn mi, ẹ̀wọ̀n tó já láàárín. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjíníà civil ní kí n má fàkókò ṣòfò, pé òun á kọ́kọ́ gbé afárá tó lè dúró kalẹ̀, kí n wá máa lẹ ẹ̀wọ̀n mi mọ́ ọn lára. Ta ló gba nínú àwa méjèèjì? Àwọn kan sì tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló kan ọmọ Ìbàdàn pẹ̀lú afárá etí òkun.

* * *

Ti yẹ̀yẹ́ yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú kúrò ńlẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró lókè Mápó rí, tó wo àwọn òrùlé Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba bí wọ́n ṣe pupa lọ súà, ti mọ ohun tójú páànù ń rí lọ́wọ́ òjò. Òjò tí ò níyọ̀ nínú nìyẹn o. Etí òkun wá ńkọ́, níbi tí afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ ti níyọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá dáadáa.

Nínú ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ, tìẹ ló sàn díẹ̀. Ohun tó ń sọ yẹn ni mo máa ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí níbi iṣẹ́, kí wọ́n kọ́ nǹkan tán kí wọ́n tó máa wá ẹni tó máa fi ọ̀ṣọ́ sí i. Ọ̀ṣọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ afárá, ẹrù ló máa dì sí afárá lọ́rùn, atẹ́gùn á máa fẹ́ lù ú, iyọ̀ á wọ ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé, tó bá di ọjọ́ kan á já lé ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ lórí. Tí wọ́n bá ní ère lafárá máa jẹ́, nǹkan tó gbé afárá dúró gan-an ni kó jẹ́ ère yẹn.

Ìlú kan wà létí òkun ní New Zealand, New Plymouth lorúkọ ẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣí afárá kan níbẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, Te Rewa Rewa. Tóo bá rí i, wàá ní eegun ìhà àbùùbùtán ni wọ́n gbé dá sórí odò, àwọn míì ní ìgbì omi ló jọ. Irin ni àwọn eegun funfun yẹn, àwọn náà ló so ilẹ̀ afárá mọ́ irin ńlá tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ tó kọjá lókè, o ò lè yọ wọ́n kí afárá dúró. Wọ́n sì tún kọjú ẹ̀ síbi tó jẹ́ pé bóo ṣe ń rìn bọ̀, òkè Taranaki á wà láàárín eegun yẹn níwájú ẹ. Singapore náà ṣí Helix Bridge lọ́dún 2010 yẹn kan náà, mítà 280, páìpù stéènlẹ́ẹ̀sì tó ń lọ́ yí ara wọn ká bí àwòrán DNA inú ìwé bàọ́lọ́jì, páìpù yẹn náà ló sì gbé e. Kò sẹ́ni tó wá lẹ nǹkankan mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

* * *

Èsì ti pọ̀ láti àárọ̀. Àwọn tó pọ̀ jù wà lẹ́yìn ọ̀rẹ́ ẹ, wọ́n ní ẹ̀mí èèyàn ṣáájú ẹwà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ń bínú díẹ̀. Ẹnì kan gbé fọ́tò afárá Vietnam yẹn wá, èyí tí ọwọ́ ńlá méjì gbé lórí òkè nítòsí Da Nang, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2018, ó ní ṣé ẹ rí i, ère ló gbé afárá. Rárá o. Fáíbà ni ọwọ́ yẹn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí wáyà, wọ́n wá kùn ún kó lè jọ òkúta àtijọ́. Ọwọ́ ò gbé nǹkankan. Ó wuyì lóòótọ́, mi ò ní purọ́, àmọ́ orí òkè nìyẹn, kìí ṣe etí òkun.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ẹ́ńjíníà wá ju London sáàárín wa, wọ́n ní ṣebí oníṣẹ́ ọnà ló wọ ibẹ̀ tí afárá fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, mi ò gbà. Afárá Millennium lẹ ń sọ. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, èrò ya bò ó, ló bá ń fì sọ́tùn-ún sósì, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n tì í pa, ó sì di ọdún 2002 kó tó ṣí padà. Òótọ́ ni pé Anthony Caro tó ń ṣe ère wà níbẹ̀ pẹ̀lú Norman Foster tó jẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjíníà Arup náà wà níbẹ̀, àwọn ló ṣírò ẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ló dá a sílẹ̀. Tí èèyàn bá ń rìn, ara ẹ̀ á máa tì sọ́tùn-ún tì sósì, bíi ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ilẹ̀ bá wá yẹ̀ lábẹ́ ẹ díẹ̀, wàá yasẹ̀, wàá bá a yẹ̀ kóo má baà ṣubú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ á ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo èrò á wá máa gbé ẹsẹ̀ pọ̀ láìsí ẹni tó pa á láṣẹ, afárá á sì máa fì sí i. Nǹkan apamìmì bíi 89 ni wọ́n wá kì sí i lára, ó sì gbà tó mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn.

Ibi tí ọ̀rẹ́ ẹ ti wúlò nìyí. Ní kó ṣírò iye ìgbà tí afárá ẹ máa fì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ní tó bá ti dín sí 5 lókè-sódò, tàbí 2.5 lẹ́gbẹ̀ẹ́-sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Kó sì gbé èrò lé e, kílò 500 lórí gbogbo mítà kan níbùú lóròó. Ọjọ́ ọdún l'Àgbádárìgì, bó ṣe máa kún nìyẹn.

* * *

Ẹ̀wọ̀n wá.

Ọmọ Àgbádárìgì méjì ti dá sí i, wọn ò sì gbọ́ra wọn yé. Ìkínní ní kò burú, pé ẹ̀wọ̀n wà nínú ilé Mobee àti nínú bárákúùnù Sẹ̀ríkí Abass (ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí) tẹ́lẹ̀, àwọn àlejò ń wá wò ó. Èkejì, obìnrin ni, ní ibi tí wọ́n ti fà èèyàn òun lọ tìpá-tìkúùkù, ẹ̀yin wá fẹ́ máa ya sẹ́lífì lórí ẹ̀. Èmi ọmọ Ìbàdàn ò lẹ́nu láti dájọ́ láàárín wọn. Ìwọ lọ sọ́hùn-ún, béèrè, kóo tó fa ìlà kan.

Ti irin ni mo lè sọ. Ẹ̀wọ̀n lè gbé afárá dáadáa, afárá Clifton ní Bristol, ní England, wà níbẹ̀ láti 1864, ẹ̀wọ̀n irin ló gbé e títí dòní. Torí náà tóo bá fẹ́ ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ ni kóo yà. Àmọ́ oríkèé ni wàhálà ibẹ̀. Gbogbo ibi tí irin ti kan irin, omi oníyọ̀ á dúró síbẹ̀, o ò ní rí i lóde, inú ló ti ń jẹ ẹ́. Ẹ rántí Morbi ní Íńdíà, ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Afárá àtijọ́ tó rọ̀ sórí wáyà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó já, èèyàn tó kú lé ní 130. Nígbà tí wọ́n yẹ okùn tó já yẹn wò, wáyà 49 ló wà nínú ẹ̀, 22 nínú wọn ti dógùn-ún tẹ́lẹ̀. Tóo bá wá fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n sétí òkun, oríkèé mélòó ni ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ bá rán wá máa lè tú wò?

Ti pé kó já láàárín ńkọ́: ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn lọ sí Gberefu, àwọn apẹja. (Àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn gan-an, ẹ ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ afárá, oúnjẹ wọn lẹ fẹ́ gbà yẹn.) Ẹnì kan ní kí àárín máa dìde bíi ti afárá Gateshead ní England, tí wọ́n ṣí ní 2001, tí wọ́n ṣe kó lè gbé ara sókè fún ọkọ̀. Ó dùn ún wò. Ta ló máa ra dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀? Lọ́jọ́ tí móítọ̀ bá jóná nígbà tó ṣí sílẹ̀ lókè, òun lásán nìyẹn, ẹ padà sínú ọkọ̀. Gbé e ga kí ọkọ̀ máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.

* * *

Gíga yẹn gan-an ló máa pinnu gbogbo nǹkan, mi ò sì rí ẹni tó mẹ́nu bà á láti òwúrọ̀, gbogbo yín kàn ń jà lórí ẹ̀wọ̀n.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkè tóo máa bọ́ sórí afárá látorí ẹ̀. Ká ní mítà mẹ́fà lo fẹ́ gùn. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ò lè gun àtẹ̀gùn, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló máa gbà, èyí tó sì dà gẹ̀rẹ́ jù tí ìlànà gbà láyè ni mítà kan fún méjìlá. Mẹ́fà lọ́nà méjìlá, mítà 72 nìyẹn lápá kan ṣoṣo, ibi tí wọ́n ti máa dúró mí ò tíì sí nínú ẹ̀. Tóo bá fẹ́ kí ìyá arúgbó rìn ín láìmí hẹlẹ, ìkan fún ogún ni, ó di mítà 120. Lọ́tùn-ún lósì o! Ohun tójú máa kọ́kọ́ rí nìyẹn kó tó rí àárín afárá, o ò sì tíì yà á rárá.

Nígboro wa ńbí, àtẹ̀gùn ló pọ̀ jù lára àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ìyá tó gbé igbá lérí á wo àtẹ̀gùn yẹn, á wo mọ́tò tó ń bọ̀, á sì bá mọ́tò wọ̀yá ìjà. Afárá á wá di ibi tí wọ́n ń ta yẹtí àti ṣájà fóònù. Mo rí àwọn tó ní kí wọ́n máa mú wọn, kí wọ́n máa gba owó ìtanràn. Ẹ gbé iṣu lérí kẹ́ẹ gun ún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ká tó sọ̀rọ̀ ìtanràn. Àwọn tó ń tajà ńkọ́, èmi ò rí ohun tó burú tí àyè bá fẹ̀. Mítà mẹ́ta fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, kóo wá fẹ̀ ẹ́ síta láwọn ibi ìsinmi, wọ́n á jókòó síbẹ̀. Wọ́n máa jókòó náà ni, bóo fẹ́ bóo kọ̀.

Èrò tèmi rèé nígbà náà: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni kóo sọ di ère. Jẹ́ kó ká kọrọdọ gba orí omi, kó gùnkè díẹ̀díẹ̀, kó dé ibi tí ọkọ̀ ń gbà, kó sọ̀ kalẹ̀ padà. Ìrìn yẹn fúnra ẹ̀ tó ìtàn. Àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ lọ náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀ nínú ọkọ̀.

* * *

Ẹni tó bi mí pé gíláàsì ńkọ́, kí èèyàn máa rí omi lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀: rárá. Bilbao ní Spain lo gíláàsì sílẹ̀ afárá tí àkítẹ́ẹ̀tì Calatrava yà lọ́dún 1997, ó ń yọ̀, wọ́n padà tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Venice náà lo tiẹ̀ lọ́dún 2008, àwọn èèyàn ń ṣubú lórí àtẹ̀gùn gíláàsì títí wọ́n fi pinnu láti fi òkúta rọ́pò ẹ̀. Tìwa á tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òjò.

* * *

Ó kan irin àti kọnkéré, ibi tí ìjà ti gbóná jù.

Mo bá wọn dúró ti iṣẹ́ èbúté kékeré kan lápá Ìlàjẹ rí. Kọntirakítọ̀ ra páìpù dúdú lásán fún ibi tí wọ́n máa ń dì mú, wọ́n kùn ún ní pẹ́ǹtì sílífà, ó ń dán yinrin lọ́jọ́ tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù. Ìgbà tí mo padà débẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ báyìí, ìka mi wọ inú ẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta irin níbí tó ní pẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì ti tó, ẹ máa tà fún wọn n'Ìbàdàn, ẹ má kó o dé etí òkun.

Àwọn míì ní ra stéènlẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Stéènlẹ́ẹ̀sì wo? 304 ló kún ọjà, òun ni wọ́n fi ń ṣe síǹkì ilé ìdáná àti géètì olówó. Létí òkun, 316 ló bẹ̀rẹ̀, torí ó ní molybdenum nínú tó ń bá iyọ̀ jà, òun náà á sì máa mú àbàwọ́n bíi tíì tí òjò ò bá lè fọ̀ ọ́. Owó ẹ̀ ò kéré. Kí wẹ́dà ẹ má sì lọ fi bóòtù irin dúdú de é o, irin dúdú kékeré lára stéènlẹ́ẹ̀sì ńlá, bóòtù yẹn ló máa kọ́kọ́ lọ, kíákíá báyìí. Irin tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná wà láàárín méjèèjì, ó dáa, tí gbogbo wẹ́dìn bá ti parí kí wọ́n tó rì í. Tí wọ́n bá tún wẹ́dì lẹ́yìn ẹ̀, ibẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún iyọ̀ nìyẹn.

Èmi, kọnkéré ni n ó fi ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀, bóyá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. A ní ọwọ́ fún un nílẹ̀ yìí. Ẹ lọ wo ohun tí Adébísí Àkànjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi símẹ́ǹtì ṣe pẹ̀lú Susanne Wenger nínú igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, símẹ́ǹtì di èèyàn, di ògiri tó ń rìn. Àmọ́ símẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí wáyà ò lè pẹ́ létí omi iyọ̀. Sẹ́ńtímítà márùn-ún ó kéré tán ni kọnkéré gbọ́dọ̀ fi bo irin rọ́ọ̀dù, kí omi inú ẹ̀ má pọ̀, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dáadáa kó má ní ihò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bu iyanrìn etí òkun po ó láìfọ̀, iyọ̀ lẹ fọwọ́ ara yín kó sínú ẹ̀ yẹn, á wú rọ́ọ̀dù láti inú, kọnkéré á máa bó.

Igi náà wà níbẹ̀ o, ẹ má fojú tẹ́ ẹ. Àwọn Dutch ń ra igi ékì láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ ṣe afárá àti ilẹ̀kùn omi wọn. Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, pákó ni wọ́n fi ṣe títì wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kìí ṣe pákó ló dà wọ́n, òkun ló ń jẹ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ìyẹn tún rán mi létí: má gbé ẹsẹ̀ afárá ẹ kankan sí apá òkun ní Gberefu, apá ọ̀sà ni kó mọ sí. Iyanrìn etíkun ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n fi òkúta dí i lọ́nà l'Ékòó kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé, Bar Beach sì fara gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún.

* * *

Bàbá ẹ́ńjíníà ti padà wá, wọ́n ní tóun bá gbà pé ère ló máa gbé afárá, ta ló máa fọwọ́ sí i? Ìbéèrè gidi rèé.

Ẹ wo Florida ní 2018, afárá ẹlẹ́sẹ̀ yunifásítì kan tó wó lé mọ́tò lórí, èèyàn mẹ́fà kú. Wọ́n yà á bí afárá tí wáyà fà sókè, òpó gíga kan pẹ̀lú páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ látorí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ni òpó àti páìpù yẹn wà fún, kọnkéré abẹ́ ẹ̀ ló ń gbé ara ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní láti jẹ́ kí àwọn apá kọnkéré yẹn dà gẹ̀rẹ́ kí wọ́n lè bá ìlà páìpù ọ̀ṣọ́ mu. Òpó yẹn ò tíì dúró lọ́jọ́ tó wó, kìí ṣe òun ló wó o, àṣìṣe ìṣírò ni níbi oríkèé kan, gbogbo wọn sì rí i tó ń sán, wọn ò ti títì pa. Bàbá, ẹ́ńjíníà ló fọwọ́ sí ìyẹn. Ojú kejì ló yẹ kó wà, ẹ́ńjíníà mìíì tí kò bá wọn jẹ, kó ṣírò ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà ni mo fẹ́ fún ti Àgbádárìgì, yálà ère ni o tàbí afárá lásán.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ sì ń sọ pé oníṣẹ́ ọnà ò lè kọ́ nǹkan, ẹ gba Mọ́kọ́lá kọjá. Demas Nwoko ló ya Cultural Centre yẹn, òun náà ló ṣe ilé ìjọsìn àwọn Dominican níbí. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, kò kọ́ àkítẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2023 Venice fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion, ti iṣẹ́ ilé kíkọ́ o, fún gbogbo ohun tó ti ṣe láyé ẹ̀. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé ó máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń po nǹkan pọ̀, kìí ya àwòrán tán kó fún ẹlòmíì kó lọ sùn.

* * *

Ọmọ Poly wa ní òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti jókòó, wọ́n ti gbà láti jọ yà á látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ti kúrò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ká ló kù, wọ́n ń lọ Àgbádárìgì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá béèrè ohun tí òun máa kọ́kọ́ yà tóun bá dé.

Wọn fífẹ̀ omi kóo tó ṣe nǹkankan, kóo sì bi àwọn ọlọ́kọ̀ bí ọkọ̀ wọn tó ga jù ṣe ga tó pẹ̀lú ẹni tó dìde dúró nínú ẹ̀. Béèrè ibi tí omi máa ń dé tó bá kún, ká sọ pé bíi mítà kan ló ń lọ sókè sódò lápá Èkó. Lẹ́yìn náà má ya gbogbo afárá, gbogbo èèyàn ló máa ya ìyẹn. Ya ibi kan ṣoṣo tóbi lórí bébà, ìkan sí márùn-ún (sẹ́ńtímítà kan lórí bébà fún márùn-ún gidi): ibi tí ẹsẹ̀ réèlì ti wọ kọnkéré. Fi hàn mí ibi tí omi òjò ń gbà jáde, irú bóòtù wo ló wà níbẹ̀, àti bí ọwọ́ ẹni tó ń kun pẹ́ǹtì ṣe máa dé ẹ̀yìn ẹ̀. Réèlì ò gbọdọ̀ dín sí mítà 1.1, tí oníkẹ̀kẹ́ bá máa gbabẹ̀, gbé e dé 1.4. Tóo bá ti yà á, gbé e síbí, bàbá ẹ́ńjíníà á bá wa wò ó, wọ́n ti ní àwọn ò tíì bínú tán.